Ọmọ Kékeré Tí Ẹ̀yìn Rẹ̀ Wọ́: Fífi Ọ̀nà Ìtọ́jú Kan Wé Èkejì Kí Òbí Ìkòròdú Tó Fọwọ́ Síwèé

Ohun tí òbí máa ń kọ́kọ́ bi dókítà ni pé, "Iṣẹ́ abẹ wo ló dáa jù?" Ìbéèrè kan yẹ kó ṣáájú ìyẹn: ọdún mélòó ló kù kí ọmọ yìí tó ga tán? Scoliosis ni wọn yóò kọ sínú fáìlì ọmọbìnrin ọdún 14 tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ wọ́, òun náà ni wọn yóò kọ sínú ti ọmọ ọdún 4, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wọn kò jọra rárá. Ti ọmọ ọdún 14, wọ́n lè ṣe é lẹ́ẹ̀kan kó parí. Ti ọmọ ọdún 4, ọjọ́ tí wọ́n bá ṣe é ni ìrìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀.

Nítorí náà, orí ohun kan ni mo gbé gbogbo ìfiwéra yìí lé: lẹ́yìn ọjọ́ kìíní, ẹ̀ẹ̀melòó ni ẹ máa padà lọ, ibo ni ẹ máa padà sí, ọdún mélòó ni yóò sì gbà? Ẹni tó ń gbé Ìkòròdú kò nílò kí wọ́n kọ́ ọ ní ìtumọ̀ ìrìn. Ẹni tó bá ti jókòó nínú gosíló Mile 12 pẹ̀lú ọmọ tó ń sunkún mọ̀ pé ìtọ́jú tó dáa lórí ìwé lè sú èèyàn lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká fi ọmọ méjì ṣe àpẹẹrẹ, àpẹẹrẹ lásán ni wọ́n. Ọ̀kan jẹ́ ọmọkùnrin oṣù 18 ní Ìgbógbó, ìwọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ dígíríì 35. Èkejì jẹ́ ọmọbìnrin ọdún 7 ní Ìmọ̀ta, tirẹ̀ jẹ́ 65, lọ́dún tó kọjá 48 ni. A ó máa padà sọ́dọ̀ wọn.

Ohun tó yẹ kó dá yín lójú kí ẹ tó yan ohunkóhun

Lórí X-ray ni wọ́n ti ń wọn ìwọ́. Igun Cobb ni àwọn dókítà ń pè é, orúkọ oníṣègùn Amẹ́ríkà kan tó gbé ọ̀nà ìwọ̀n náà kalẹ̀ lọ́dún 1948. Bí kò bá tíì tó 10, wọn kì í kà á sí scoliosis. Ṣùgbọ́n ẹni méjì lè wọn fíìmù kan náà kí èsì wọn fi nǹkan bíi dígíríì 5 yàtọ̀. Bí wọ́n bá wọn 32 ní oṣù Kẹta, tó di 35 ní oṣù Kẹsàn-án, kò tíì tó ohun tí à ń torí ẹ̀ sáré. Bí 32 bá di 44, ìwọ́ yẹn ń rìn. Ẹ máa gbé fíìmù àtijọ́ dání ní gbogbo ìgbà, ẹ má sì gbà kí wọ́n dá ọmọ tó lè dúró dùbúlẹ̀ yà á, torí bí ó bá dùbúlẹ̀, ìwọ́ náà á dà bí ẹni pé ó ti dínkù.

Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ohun tó fà á. Àwọn ọmọ kan wà tí wọn ò rí ìdí kankan. Àwọn kan wà tí eegun ẹ̀yìn wọn kò pé dáadáa láti inú oyún. Ti àwọn mìíràn wá láti ara iṣan tó rọ̀ tàbí ọpọlọ tó fara pa nígbà ìbí. Ọmọ tí eegun rẹ̀ kò pé láti inú oyún, kí wọ́n yẹ ọkàn àti kíndìnrín rẹ̀ wò, torí àsìkò kan náà ni gbogbo wọn ń dá sílẹ̀ nínú oyún. Bí ìwọ́ bá ti ju 20 lọ lára ọmọ kékeré, dókítà sábà máa ń béèrè fún MRI, àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi òòfà yà, kó lè rí okùn iṣan tó wà nínú eegun ẹ̀yìn. Iké tó dédé yọ lẹ́yìn, tí ọmọ ń rù, tí ibà ń mú un lálaalẹ́, kí wọ́n wá ikọ́ ẹ̀gbẹ níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ scoliosis. Ikọ́ ẹ̀gbẹ a máa wọ eegun ẹ̀yìn, oògùn sì ni olórí ìtọ́jú rẹ̀.

Pípọ̀n kọ́ ló fà á o. Báàgì ilé ìwé kọ́, jíjókòó wẹ́gẹwẹ̀gẹ kọ́. Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò sọ pé Ọbàtálá ló mọ ọmọ bẹ́ẹ̀, pé ẹni òrìṣà ni. Àpọ́nlé ni ọ̀rọ̀ yẹn, kí ẹnikẹ́ni má baà fi abuké ṣe yẹ̀yẹ́. Bí wọ́n bá wá ń fi dá ìyá dúró kó má gbé ọmọ lọ sí ọsibítù, kì í ṣe àpọ́nlé mọ́.

Ká dúró wò ó, àbí ká dá sí i?

Lára ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3, tí wọn kò sì rí ìdí ìwọ́ rẹ̀, ìwọ́ lè tọ́ fúnra rẹ̀. Dókítà Min Mehta ní Ìlú Ọba ló fi hàn lọ́dún 1972 pé a lè fojú egungun ìhà mọ èyí tó máa tọ́ àti èyí tó máa burú sí i: wọ́n á wọn bí ìhà ọ̀tún àti ti òsì ṣe dagun sí eegun ẹ̀yìn, bí ìyàtọ̀ wọn kò bá tó dígíríì 20, ọ̀pọ̀ wọn ń tọ́. Ẹ ní kí dókítà wọn èyí fún yín. X-ray ni wọ́n fi ń wò ó, èyí tí wọ́n ti yà náà ti tó.

Dídúró wò kì í ṣe jíjókòó sílé. Ó ní déètì tirẹ̀, oṣù 4 sí 6 síra wọn. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹ lọ, kí ẹ padà wá bí ọmọ bá dàgbà, kò fún yín ní ìtọ́jú kankan. Ọ̀dọ̀ àwọn tó ń to eegun ńkọ́? Apá tó kán ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́, ṣùgbọ́n ìwọ́ yìí kì í ṣe eegun tó yẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi òróró àti ipá na ẹ̀yìn ọmọ.

P.O.P. àti brace

Ibí yìí ni màá ti pẹ́ díẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ti ń pàdánù àǹfààní láìmọ̀.

P.O.P. tí à ń sọ kì í ṣe ti ẹsẹ̀ tó kán. Wọ́n á kun ọmọ lóorun, wọ́n á nà án sórí tábìlì pàtàkì kan, wọ́n á fi ọwọ́ tún ẹ̀yìn náà yí padà bó ti yẹ, wọ́n á wá wé P.O.P. mọ́ ọn láti àyà dé ìbàdí, wọ́n á sì dá ojú sí i níwájú kí ikùn lè mí. Bí ọmọ kò bá ju ọdún 2 lọ, oṣù 2 síra ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀. Ní ọdún 3, oṣù 3. Láti ọdún 4, oṣù 4. Lọ́dún 2005 Mehta kan náà gbé ìròyìn ọmọ 136 jáde. Àwọn 94 tí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀, ní nǹkan bí oṣù 19, ẹ̀yìn wọn tọ́. Àwọn 42 tó pẹ́ dé, ní nǹkan bí oṣù 30, tiwọn dínkù ṣùgbọ́n kò tọ́ tán. Ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì kò tó ọdún kan. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ọmọ Ìgbógbó wa "dàgbà díẹ̀ sí i", ohun tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe kékeré.

Brace jẹ́ ike líle tí wọ́n gé mọ́ ìwọ̀n ara ọmọ, tí wọ́n ń fi okùn fà mọ́ra. Ẹ lè bọ́ ọ wẹ̀ fún ọmọ, kò sì nílò oògùn oorun. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà lára ọmọ fún wákàtí 18 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lójúmọ́, ìgbà tó bá sì wà lára rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Lọ́wọ́ ọmọ kékeré, ó sábà máa ń dá ìwọ́ dúró ni, kì í wò ó sàn.

Wàyí o, ẹ gbé méjèèjì wá sínú ilé tiwa. P.O.P. nínú ooru oṣù Kẹta, tí iná ti lọ láti àná, kì í ṣe eré. Omi kò gbọ́dọ̀ kàn án, yanrìn àgbàlá ilé ìwé a máa wọ inú rẹ̀, ọmọ á máa họra. Aṣọ ọ̀gbọ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lábẹ́, aṣọ tútù nùnra níbi tó ṣí, fáànù kékeré oníbátìrì. Ẹ má ti igi tàbí ṣíbí bọ inú rẹ̀ họ ọ́. Síbẹ̀ P.O.P. ní ìwà kan tí mo fẹ́ràn: ìyá àgbà kò lè bọ́ ọ. Brace, àánú ló ń pa á. Ọmọ á sunkún lẹ́ẹ̀mejì, ìyá àgbà á ní "ẹ tú ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀", nígbà tí ìyá bá fi máa ti ọjà Sábó dé, brace ti wà lábẹ́ ìbùsùn. Bí ilé yín bá jẹ́ ilé tí èèyàn mẹ́ta ń mójú tó ọmọ, tí ọ̀rọ̀ wọn kò ṣọ̀kan, tí dókítà sì ní ọmọ yẹ fún èyíkéyìí nínú méjèèjì, èmi á mú P.O.P.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ gbé sórí ìwọ̀n kejì ni oògùn oorun. Lọ́dún 2016 FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, kìlọ̀ pé bí wọ́n bá ń kun ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 lóorun léraléra, tàbí tó ju wákàtí 3 lọ lẹ́ẹ̀kan, ó lè kan ìdàgbà ọpọlọ rẹ̀. Wọn kò ní kí ẹnikẹ́ni sá fún ìtọ́jú tó pọn dandan. Kí ẹ béèrè ni, kí wọ́n sì dáhùn.

Ọmọ tí eegun rẹ̀ kò pé láti inú oyún kò sí lára àwọn tí mo ń sọ yìí. P.O.P. àti brace kì í sábà ràn án. Bó bá jẹ́ eegun kan ṣoṣo tó hù ní ìdajì ló ń ti ẹ̀yìn rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, wọ́n lè yọ ìdajì náà kúrò nígbà tó ṣì kéré, kí wọ́n so ìwọ̀nba eegun tó yí i ká pọ̀. Lára gbogbo ohun tó wà nínú ìfiwéra yìí, iṣẹ́ abẹ yẹn ló ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo fún ọmọ kékeré.

Bó bá di iṣẹ́ abẹ: ọ̀pá wo?

Kí ló dé tí wọn kò kàn so gbogbo eegun ẹ̀yìn ọmọ ọdún 5 pọ̀ kí wọ́n sì parí ẹ̀? Nítorí pé eegun tí wọ́n bá so pọ̀ kò ní ga mọ́, àyà ọmọ á dúró níbi tó dé, ẹ̀dọ̀fóró kò sì ní rí àyè. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró ń pọ̀ sí i ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ ọmọ, pàápàá kó tó pé ọdún 8. Ìwádìí ọdún 2008 lórí àwọn ọmọ tí wọ́n so eegun wọn pọ̀ ní kékeré fi hàn pé àwọn tí gíga àyà wọn kò dé sẹ̀ǹtímítà 18 ló ń ní ìṣòro mímí jù. Ẹ̀yìn tó tọ́ pẹ̀lú àyà tí kò lè mí, èrè wo ló wà níbẹ̀?

Ìdí nìyẹn tí ọ̀pá ìdàgbà fi wà. Wọ́n á fi síkúrù tàbí ìkọ́ dè é mọ́ òkè àti ìsàlẹ̀ ìwọ́, àárín á wà lófìfo kó lè máa ga, wọ́n á sì máa fa ọ̀pá náà gùn bí ọmọ ti ń ga. Oríṣi méjì ni màá fi wéra: ọ̀pá àtijọ́ àti èyí tó ní òòfà nínú.

| | Ọ̀pá àtijọ́ | Ọ̀pá òòfà | Síso pọ̀ pátápátá |
|---|---|---|---|
| Fífà á gùn | Nǹkan bí oṣù 6 síra | Nǹkan bí oṣù 3 síra | Kò sí |
| Báwo ni wọ́n ṣe ń fà á | Iṣẹ́ abẹ, pẹ̀lú oògùn oorun | Ẹ̀rọ tí wọ́n gbé lé ẹ̀yìn lórí aṣọ, ọmọ wà lójúfò | Kò sí |
| Ta ló lè fà á | Oníṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn tó mọ iṣẹ́ náà | Ibi tí ẹ̀rọ náà bá wà nìkan | Kò sí |
| MRI lẹ́yìn náà | Ó sábà ṣeé ṣe, bí ọ̀pá bá jẹ́ titanium | Ìṣòro, torí òòfà inú rẹ̀ | Ó sábà ṣeé ṣe, bí irin bá jẹ́ titanium |
| Fún ta ni | Ọmọ tó ṣì ní ọdún púpọ̀ láti ga | Bákan náà | Ẹni tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tán |

Ẹni tó bá wo àtẹ yìí lásán á mú ọ̀pá òòfà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ta ló fẹ́ kí wọ́n máa la ọmọ òun lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún? Ọdún 2009 ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí ọmọ lára ní Hong Kong, ìròyìn rẹ̀ sì mú orí àwọn òbí wú káàkiri ayé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì rẹ̀ wà. Irin rẹ̀ a máa fá ara wọn, kí ìyẹ̀fun irin máa dà sínú ẹran ara. Ní ọdún 2020 Ìlú Ọba dá títa rẹ̀ dúró kí wọ́n lè wádìí rẹ̀. Ó sì ga lówó níbẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ ń yọ iṣẹ́ abẹ púpọ̀ kúrò lẹ́yìn. Èyí tó kan àwa jù ni ìlà kẹta nínú àtẹ yẹn: ọ̀pá òòfà tí kò sí ẹ̀rọ rẹ̀ ní àrọ́wọ́tó ti di irin lásán nínú ẹ̀yìn ọmọ tó ń ga.

Ọ̀pá àtijọ́ náà kò ṣe é fọwọ́ sọ̀yà lé. Ìwádìí tó jáde lọ́dún 2010 tẹ̀lé ọmọ 140 tí wọ́n fi ọ̀pá ìdàgbà sí lára. Àwọn 81 nínú wọn ní ìṣòro kan ó kéré tán: ọ̀pá kán, ìkọ́ yọ, kòkòrò wọ ojú ọgbẹ́. Iṣẹ́ abẹ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi kún un ń fi ìdá 24 nínú 100 gbé ewu sókè. Ọdún kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fi sún ìbẹ̀rẹ̀ síwájú ń fi ìdá 13 nínú 100 dín ewu náà kù. Bí ìgbà ti ń lọ, ara á máa le, gígùn tí wọ́n ń rí nínú fífà kọ̀ọ̀kan á sì máa dínkù. Ẹ rí i pé P.O.P. àti brace kò ṣòfò bí wọn kò tiẹ̀ wo ọmọ sàn. Ọdún 2 tí wọ́n bá rà fún ọmọ, èrè ni.

Òbí kan á gbọ́ nípa okùn tí wọ́n ń so mọ́ eegun dípò ọ̀pá. Lọ́dún 2019 ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, àwọn tó ti ń bọ́ sí ìgbà ìbàlágà ni wọ́n sábà ń ṣe é fún. Ọmọ ọdún 4 kò sí níbẹ̀.

Ibo ni ká gbé e lọ?

Ọsibítù ìjọba Ìkòròdú lè jẹ́ ibi tí ẹ ti gba lẹ́tà àti X-ray àkọ́kọ́. Iṣẹ́ ẹ̀yìn gan-an, Èkó ni. Ọsibítù eegun ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìgbòbì, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1945 fún àwọn sójà tó fara gbọgbẹ́ nínú ogun, ló súnmọ́ wa jù lójú ọ̀nà: ẹ lè wọ BRT ní Ìkòròdú kí ẹ bọ́ sílẹ̀ ní Fádéyí. LUTH ní Ìdí-Àràbà àti LASUTH ní Ìkẹjà náà wà. Lókè òkun, ọ̀pọ̀ ń lọ sí Íńdíà. Èyí tó súnmọ́ wa ju ìyẹn lọ ni ọsibítù FOCOS ní Accra, tí Dókítà Oheneba Boachie-Adjei, ọmọ Gánà, dá sílẹ̀. Wọ́n ṣí i lọ́dún 2012, ìwọ́ tó le gan-an ni wọ́n mọ̀ wọ́n mọ́. Níbẹ̀, wọ́n máa ń fi òrùka irin sí orí ọmọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kí nǹkan tó wúwo tí wọ́n so mọ́ ọn máa fà á sókè díẹ̀díẹ̀ kí wọ́n tó fọ̀bẹ kàn án.

Ẹ má fi ẹwà ilé wé ẹwà ilé. Ẹ béèrè wọ̀nyí, kí ẹ sì kọ ìdáhùn sílẹ̀: Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 10 mélòó ni ẹ ti ṣe ẹ̀yìn fún? Ṣé ẹ̀rọ wà tó ń ṣọ́ okùn iṣan nígbà iṣẹ́ abẹ, àbí ẹ máa jí ọmọ láàárín iṣẹ́ kó mi ẹsẹ̀? Ṣé ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe fún ẹni tí ara rẹ̀ kò yá gan-an, wà fún ọmọdé? Bí ọ̀pá bá kán lọ́jọ́ Àìkú, ta ni ká pè? Àti pé bí a bá lọ sí òkèèrè, ta ni ní Èkó yóò gbà láti máa bójú tó irin tí òun kọ́ ló fi síbẹ̀? Èyí tó gbẹ̀yìn yìí ni ẹnu àwọn tó ń ṣètò ìrìnàjò ìtọ́jú kì í sábà yá láti dáhùn.

Owó: ti ọ̀pá àtijọ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀, nítorí náà àjọ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè bá a rìn, bí ẹ bá to àsìkò gbígba owó yín mọ́ oṣù tí wọ́n máa fà á. Ti òkèèrè, dọ́là ni, ẹ̀ẹ̀kan náà sì ni. Bí ẹ bá wà lórí Ìlera Èkó tàbí ìbánigbófò mìíràn, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n máa san sínú ìwé. Ẹ̀jẹ̀ náà, ẹ tètè wá èèyàn tó máa fi sílẹ̀. Kí wọ́n sì mọ̀ bóyá AA, AS tàbí SS ni ọmọ, torí ìmúrasílẹ̀ fún ọmọ SS yàtọ̀ pátápátá, láti orí ẹ̀jẹ̀, omi ara, títí dé afẹ́fẹ́ mímí.

Nínú ilé

Ọmọ ọdún 3, ẹ sọ fún un bó bá ku ọjọ́ kan tàbí méjì. Ọmọ ọdún 7, ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú kò pọ̀ jù. Á fẹ́ béèrè, ẹ jẹ́ kó béèrè. Ẹ má sọ pé kò ní dùn ún. Ẹ sọ pé ó máa dùn ún, pé oògùn wà, pé ẹ máa wà níbẹ̀ nígbà tó bá jí.

Ní òwúrọ̀ iṣẹ́ abẹ, ẹ fi ọmọ sọ́dọ̀ ẹni tí àánú rẹ̀ kò pọ̀ ju ọgbọ́n lọ. Oúnjẹ gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 6, ọmú fún 4, omi tó mọ́ gaara fún 2. Ògì, bó ti wù kó ṣàn tó, oúnjẹ ni. Bí ẹnikẹ́ni bá yọ́ fún un ní ṣíbí méjì, ẹ sọ fún dókítà, kí wọ́n sún iṣẹ́ abẹ náà sí ìgbà mìíràn. Oúnjẹ tó bá gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí ọmọ sùn lè pa á.

Lẹ́yìn ọ̀pá, kò sí fífà ọwọ́ fà ẹsẹ̀ mọ́ bí wọ́n bá ń wẹ̀ fún un, kò sí jíjù sókè, kò sì sí ọ̀kadà. Pípọ̀n, ẹ dúró kí dókítà sọ ọjọ́ rẹ̀.

Èmi, ohun tí màá mú

Fún ọmọ Ìgbógbó, oṣù 18, dígíríì 35, tí MRI rẹ̀ mọ́, tí ìyàtọ̀ ìhà rẹ̀ sì ti tó 20: P.O.P., lọ́sẹ̀ yìí bó bá ṣeé ṣe, kì í ṣe lẹ́yìn ọdún. Màá wá ilé tí wọ́n ti ń ṣe irú P.O.P. yìí gan-an, torí èyí tí wọ́n bá wé láìtún ẹ̀yìn yí padà lè tẹ ìhà ọmọ wọlé.

Fún ọmọ Ìmọ̀ta, ọdún 7, tó ti 48 lọ sí 65 láàárín ọdún kan, àsìkò brace ti kọjá. Síso pọ̀ ṣì yá jù. Ọ̀pá ìdàgbà ló kù, bíi ọdún 4 kí ọ̀rọ̀ síso pọ̀ tó dé: ìyẹn nǹkan bí ìgbà 8 tí wọ́n máa fa ọ̀pá àtijọ́. Ó pọ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀ màá mú un, lọ́wọ́ oníṣẹ́ abẹ tí mo lè wọ BRT lọ bá lẹ́yìn oṣù 6. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọ̀pá òòfà lọ̀ mí lókè òkun, kódà lọ́fẹ̀ẹ́, màá béèrè ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fà á ní Èkó. Bí wọn kò bá lè dárúkọ rẹ̀, màá dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, màá sì kọ̀ ọ́.